Kì í ṣe téèpù ló tán l'Íjẹ̀bú-Òde

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ọdún 2025, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn kí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi kan ojú ọ̀run. Àwọn ẹlẹ́ṣin ilé Balógun kan ń bọ̀, ìlù ń dún, ẹṣin ń jó, gbogbo èèyàn ti dìde. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká a báyìí, fóònù ní àyè ò sí mọ́. Ẹ wá wo ìka ọmọ yìí! Ó ṣí ibi tí fídíò wà, ó ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tiẹ̀ wo ohun tó wà nínú wọn. Ó rí ẹṣin ká lóòótọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tá a jọ ń mu zobo lábẹ́ ibòji, ló bá figbe ta. Fídíò ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ìyá rẹ̀ wà lára ohun tó pa rẹ́.

Mo bá a kẹ́dùn, àmọ́ ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú. Kì í ṣe pé mi ò láàánú. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni mo rí àgbà ọkùnrin kan, tó ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ti ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ nínú ọ́fíìsì ńlá kan níbí nílùú Ìjẹ̀bú-Òde. Àkọsílẹ̀ owó olówó lòun sì fi ṣe é.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ibẹ̀ tóbi. Wọ́n ní server tiwọn nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yọ owó lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ládùúgbò. Ó mọ̀ pé kí n tó di ẹni tó ń kọ̀wé jẹun, ìdí server ni mo ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó fọ́dún mẹ́fà. Ó pè mí láago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

"Àbúrò, téèpù ti tán."

"Téèpù wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Ti backup. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń kọ̀. Ó lóun ò rí téèpù tó ṣófo. Ọ̀gá ní kí n kọ̀wé béèrè fún ogún míì, Mọ́mì Àkáǹtì sì ní ṣé mò ń jẹ ẹ́ ni."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 á máa ṣe kàyéfì. Téèpù kẹ̀? Irú èyí tí bàbá yín fi ń gbọ́ Barrister àti Kollington? Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọdún 2000 yẹn gan-an ni irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò báyìí, tí wọ́n ń pè ní LTO, jáde. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀ gba 100GB. Ẹ̀yà kẹjọ gba 12TB, ìyẹn ohun tó máa kún fóònù 128GB tó ju 90 lọ, nínú ike kékeré kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́. Okùn tí wọ́n ká sínú rẹ̀ gùn tó 960 mítà. Lálaalẹ́, tí gbogbo èèyàn bá ti lọ sílé, server á máa ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí téèpù. Tó bá parí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ.

Orí pẹpẹ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti fáìlì onífáìlì pa, tí wọ́n ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ bí ajínigbé, ohun tó bá so mọ́ ẹ̀rọ ni ọwọ́ wọn lè tó. Kò sẹ́ni tó lè ti Rọ́ṣíà wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù l'Íjẹ̀bú-Òde. Google náà mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àṣìṣe kan nínú software wọn nu lẹ́tà Gmail àwọn èèyàn kan mọ́, ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó, ó sì kan ẹ̀dà tó ju ẹyọ kan lọ láwọn ilé ẹ̀rọ wọn. Orí téèpù ni wọ́n ti lọ kó lẹ́tà olówó padà fún un. Google gan-an, ẹ gbọ́ ná.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: ṣé cloud ò sí ni? Ó wà, ó sì dáa. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tí server yín bá kú, tẹ́ ẹ fẹ́ wa 10TB padà wálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré 20Mbps láìdúró, ọjọ́ 46 ló máa gbà yín. Ẹ̀rọ téèpù ẹ̀yà keje á ka iye kan náà láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bà jẹ́ nítòsí Abidjan, tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa ò lè ṣe nǹkan kan. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó. Mo ní kó má jẹ́ òun nìkan.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ẹ̀gbọ́n. Mo sọ fún un lórí fóònù pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi dé. Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Mo ti fọwọ́ kàn án díẹ̀ o." Mo máa padà sórí ìyẹn náà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo débẹ̀, ọ̀la ni Iléyá. Àgbò ń ké lẹ́yìn ọgbà, ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ti wà nílé. Mọ́mì Àkáǹtì nìkan ló jókòó digbí, ó ti tẹ́ ìwé ìbéèrè owó náà síwájú. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń ta téèpù, ẹ sì mọ ohun tó dé bá náírà látìgbà tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023.

"Ọmọ mi," ó wí fún mi, "a ra ogún loṣù Kìíní. Ṣé aṣọ ni wọ́n fi ń rán ni?"

"Ẹ fún wa láàárọ̀ yìí, Mà. Ẹ má tíì buwọ́ lù ú."

Ihò 24 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, téèpù 24 ló wà níbẹ̀, software sì ní kò sí ẹyọ kan tóun lè kọ nǹkan sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe níbí yìí ni pé wọ́n á gba ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ má gbà á gbọ́. Tí ẹ̀rọ bá ní "téèpù tán", ohun tó ń sọ ni pé kò sí èyí tí wọ́n fún òun láyè láti lò. A gbé ìwé àti bírò, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n ní mẹ́ní mẹ́ní.

Mọ́kànlá nínú wọn ló ní àṣẹ "má ṣe pa á rẹ́ láéláé" lórí. Mo bi ẹ̀gbọ́n pé ta ló pàṣẹ. Ó ní bí agbaṣẹ́ṣe tó gbé ẹ̀rọ náà wá lọ́dún 2020 ṣe gbé e kalẹ̀ nìyẹn. Ọdún márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó béèrè. Backup ọjọ́ Túsìdeè kan wà níbẹ̀ láti 2022 tí kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀, méjèèjì ni wọ́n fẹ́ tọ́jú dé ọjọ́ àjíǹde.

Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi sáwọn ọ̀gá wa. Iye ọdún tó yẹ kí àkọsílẹ̀ pẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan, ọ̀rọ̀ òfin ni. Òfin tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, ní kí báǹkì àtàwọn irú wọn tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán. Òfin ilé iṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, ní ọdún 6 fún ìwé ìṣirò owó. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 wá ní kẹ́ ẹ má tọ́jú ọ̀rọ̀ ara ẹni ẹlòmíràn kọjá àkókò tẹ́ ẹ nílò rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ní "láéláé". Àmọ́ kí ọ̀gá jókòó fún wákàtí méjì kó sọ pé èyí ọdún mẹ́fà, èyí oṣù mẹ́ta, èyí ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn le fún un ju kó buwọ́ lùwé ogún téèpù lọ. Ríra nǹkan rọrùn nílẹ̀ wa. Ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó ń rí tirẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku 13. Márùn-ún nínú wọn ò tíì kún dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé ẹ̀ka ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní téèpù tirẹ̀ tí ẹ̀ka míì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń jẹ gààrí, tí ọmọ márùn-ún kọ̀ọ̀kan já àpò tirẹ̀ nínú yàrá oúnjẹ, tí ìyá wọn wá ní gààrí ti tán, kí wọ́n sáré lọ ọjà. Gààrí Ìjẹ̀bú wà ńlẹ̀ o! Àpò ni ò sí èyí tí kò tíì já.

Mẹ́ta míì, software ti kọ "ó bà jẹ́" sí wọn lára. Wọn ò bà jẹ́ bí ó ṣe wí. Ẹ bi bàbá yín léèrè bí orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń dọ̀tí, tí ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, tí wọ́n á fi òwú àti spírítì nu ún. Ẹ̀rọ ńlá yìí náà ń dọ̀tí. Téèpù kan wà tó jẹ́ pé nínu orí rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ tiẹ̀, tiwọn sì ní iye ìgbà tó lè ṣe é, àádọ́ta. Ó wà nínú ihò kan, ó gbà á láyè, ó sì ti lo àádọ́ta náà tán, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣe é. Látìgbà yẹn, tí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti ka téèpù kan dáadáa, téèpù ló ń dá lẹ́bi. Lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí téèpù ìfọrí tuntun dé láti Èkó, méjì nínú mẹ́ta náà ṣiṣẹ́ láìní àbùkù.

Mẹ́rin tó kù kún lóòótọ́, àkókò wọn ò sì tíì pé. Àwọn yẹn ò ṣẹ̀.

Mo wá ní ogún tí wọ́n rà loṣù Kìíní ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló ti wọlé. A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a bá mẹ́ta tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára wọn. Ìlà dúdú-funfun tí ẹ̀rọ fi ń dá wọn mọ̀, irú èyí tó wà lára páálí mílíìkì, kò tíì sí lára wọn, torí náà kò sẹ́ni tó kó wọn síbẹ̀. Méjì míì wà nínú búùtù mọ́tò ọ̀gá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, búùtù mọ́tò. Òfin wọn ni pé kí ẹ̀dà kan máa gbé lẹ́yìn ọgbà nítorí iná tàbí olè, ohun tó dáa gan-an. Ọ̀gá gbé méjì lọ sílé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kò gbé wọn wọlé, kò gbé wọn padà. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ń yan nínú oòrùn.

Ohun tó tún kù ni ìdí tí téèpù fi ń kún tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀yà keje tí wọ́n ń lò pé ó gba 15TB. Ẹ̀gbọ́n fi 15 ṣírò. Irọ́ ọlọ́jà ni, tàbí ká ní òótọ́ ọlọ́jà: 6TB ló gbà, 15 yẹn jẹ́ tẹ́ ẹ bá kó ohun tó ṣeé fún pọ̀ sí i, bí ìwé àti ìṣirò. Fídíò àti fọ́tò ti wà ní fífún tẹ́lẹ̀, wọn ò tún fún mọ́. Kí ló sì wà lórí téèpù wọn? Nígbà tá a ṣí i, ìdajì ohun tó ń wọlé lálaalẹ́ jẹ́ fídíò CCTV ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹnì kan ló gbé fáìlì kámẹ́rà sínú server láìsọ fún ẹnikẹ́ni, backup ò sì mọ̀ ju kó kó gbogbo ohun tó bá rí. Wọ́n ń fi owó dọ́là tọ́jú àwòrán ewúrẹ́ tó ń sùn lábẹ́ mọ́tò.

Kí n má purọ́, ìgbà míì wà tí téèpù máa ń wọ́n lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ríri àti omíyalé òkun kọ lu Japan ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Sony tó wà lágbègbè Sendai dá iṣẹ́ dúró, àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n l'Ámẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá téèpù kiri bí ẹni ń wá epo bẹntiróòlù. Ní 2018 sí 2019, Sony àti Fujifilm, àwọn méjì tó ń ṣe LTO ẹ̀yà kẹjọ, gbéra wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ ìmọ̀, ẹ̀yà kẹjọ sì wọ́n lọ́jà títí wọ́n fi parí ìjà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ẹni tó ń lo ohun tí ilé iṣẹ́ méjì péré ń ṣe ní láti ní díẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ Japan.

Láago méjì ọ̀sán, a lẹ ìlà mọ́ àwọn mẹ́ta tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a yọ mẹ́ta tó ní "bà jẹ́" fún wọn láyè, a yọ fáìlì kámẹ́rà kúrò nínú backup. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mọ́mì Àkáǹtì fa ìlà gba orí ìwé ogún téèpù, ó kọ "téèpù ìfọrí, méjì" sí i.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tó fọwọ́ kàn.

Alẹ́ Sátidé tí backup kọ̀ fún ìgbà kejì, ẹ̀rù bà á pé tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìsinmi Iléyá, òun ni wọ́n máa mú. Ó wo àwọn téèpù tó ní "láéláé" lórí, ó mú èyí tó pẹ́ jù, ó fipá tú u sílẹ̀ nínú software, ó ní kí ẹ̀rọ kọ nǹkan tuntun lé e lórí. Ó ṣiṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan yẹn, ó kún. Mo ní kó jẹ́ n rí ohun tí wọ́n kọ sára téèpù náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni, bírò aláwọ̀ búlúù: "ÌPARÍ ỌDÚN 2021."

Mi ò lè bá a wí. Ẹni ńlá ju òun lọ ti ṣe é. Nígbà tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá lọ́dún 1969, àwòrán tó kọ́kọ́ dé sí ibùdó tí wọ́n ti gbà á mọ́lẹ̀ ju èyí tí aráyé rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ, wọ́n sì gbà á sórí téèpù. Ní 2006 NASA bẹ̀rẹ̀ sí í wá téèpù náà. Ní 2009 wọ́n jáde wí pé àfàìmọ̀ ni kì í ṣe pé àwọn fúnra wọn ti pa á rẹ́, àwọn sì tún un lò pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún míì, torí pé téèpù wọ́n wọn nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. BBC ṣe bẹ́ẹ̀ fún Doctor Who ti àwọn ọdún 1960. Ní tiwa, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ẹ lọ wá fídíò ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ iye tẹ́ ẹ rí fún mi. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ní ìkà nínú. Iṣẹ́ òní ló ń lé wọn, èyí tó wà lórí pẹpẹ ò sì lè pariwo.

Ohun tó wà lórí "Ìparí ọdún 2021" ni ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, oṣù sí oṣù, orúkọ sí orúkọ. Lọ́dún 2022 wọ́n pààrọ̀ software tó ń ṣe owó oṣù, wọ́n sì kó àròpọ̀ owó ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan kọjá sínú tuntun. Kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ ò sí níbòmíì. Ó sì ní ẹni tó ń béèrè rẹ̀: ìyá kan tó jẹ́ alásè ní kàńtíìnì wọn, tó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ó ní wọ́n yọ ₦8,000 lóṣooṣù lára owó òun jálẹ̀ 2021, àmọ́ oṣù márùn-ún péré ló hàn nínú àròpọ̀. ₦56,000 ló kù. Wọ́n ti ní kó ní sùúrù, àwọn á wo téèpù.

Ẹ̀gbọ́n ò lè jẹ àgbò Iléyá rẹ̀ dáadáa. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ san owó náà lára owó òun. Mo ní kó lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá ná. Ó sọ ọ́. Ọ̀gá, tí búùtù mọ́tò ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kò lè pariwo púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá náà láti ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Òkè-Ajé. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n ń wá ò sí mọ́, òun lòun sì ṣe é. Ìyá wò ó títí.

"Ṣé ohun tí ẹ ní kí n máa dúró dè látoṣù Kẹrin nìyí?"

"Ẹ má bínú, Mà."

Ó tú ìdí ìró, ó yọ ọ̀rá kan jáde. Páàsìbúkù ẹgbẹ́ ló wà nínú ọ̀rá náà, ó ti gbó létí, ó ń rùn bíi káńfọ̀. Inú agolo Bournvita ló ní òun ń kó o sí. Oṣù méjìlá ọdún 2021 wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́ ti buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó fò.

"Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ní ìwé lọ́wọ́," ìyá wí. "Téèpù, téèpù ni gbogbo yín ń sọ."

Mọ́mì Àkáǹtì kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún un lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n gba páàsìbúkù, ó ṣe àdàkọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, ó dá a padà fún ìyá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àdàkọ náà bá backup alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ sórí téèpù. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láago mẹ́rin ìdájí: ó ti parí, kò sí àṣìṣe, òun sì ti wa ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé náà padà láti orí téèpù, ó ṣí.